Ilẹ̀kùn ìrókò tó ń há nígbà òjò, tó ń yẹ̀ nígbà ọyẹ́

Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tó ń gbé ní Ìbàdàn, ló kọ ìbéèrè yìí sí mi. Wọ́n ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn làwọn ṣe ilẹ̀kùn ìrókò sí ẹnu ọ̀nà iwájú ilé, pákó mẹ́rin tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tó fẹ̀ tó 90 sẹ̀ǹtímítà. Bó bá ti di oṣù keje, ilẹ̀kùn náà á há, ẹni tó bá fẹ́ wọlé á fi èjìká tì í. Káfíńtà ti wá fá a lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ mú lọ́dún tó kọjá, àlàfo etí rẹ̀ fẹ̀ débi pé irin kọ́kọ́rọ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dé inú ihò rẹ̀ mọ́. Èèyàn kàn tì í díẹ̀, ó ṣí. Wọ́n wá bèèrè pé: “Ṣé ayédèrú ìrókò ni wọ́n tà fún mi ni, àbí káfíńtà yìí ni kò mọ iṣẹ́? Òjò tún ti dé, ó ti tún ń há. Ṣé kí n jẹ́ kó tún wá fá a?” Ìbéèrè kejì wọn dá lórí àga kan tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọmọ wọn ní London. Màá dé orí ìyẹn.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ kú ìfaradà. Ẹ má ṣe jẹ́ kó tún fá a. Ilẹ̀kùn tí kò tì ní àsìkò ọyẹ́ léwu ju èyí tó há nígbà òjò lọ, bí wọ́n bá sì tún fá a lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ ó sun oorun ìfòyà ní oṣù kìn-ín-ní. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí igi náà ń ṣe, torí bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ fún káfíńtà ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe, kò sì ní lè fi ọ̀rọ̀ yí yín lórí.

Ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ayédèrú kúrò nílẹ̀. Ẹ wo etí ibi tí wọ́n fá kẹ́yìn. Ìrókò tí ìfági ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn máa ń ní àwọ̀ rúsúrúsú bí ìyeyè, bí ìmọ́lẹ̀ bá sì ti ń bá a, á máa ṣú lọ títí á fi pọ́n dúdú bí tíì. Ìṣàn ara rẹ̀ kì í lọ gbọọrọ. Ó máa ń lọ́ mọ́ra, ìdí nìyẹn tí ìfági fi ń fà á ya níbì kan tí yóò sì dán mọ̀nà níbi tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń lagi tún mọ ohun kan mọ́ ọn: òkúta. Ìrókò máa ń kó nǹkan funfun líle tó dà bí ẹfun jọ sínú ara rẹ̀, ayùn tó bá kàn án, eyín rẹ̀ á kú. Bí ẹ bá rí àwọ̀ àti ìṣàn tí mo sọ yìí, ìrókò ni. Ìrókò sì wà lára àwọn igi tí kì í wú jù, tí kì í súnkì jù. Ká ní igi mìíràn ni wọ́n fi kan ilẹ̀kùn yín bó ṣe wà yẹn, ìyà tó máa fi jẹ yín ì bá ju báyìí lọ.

Igi náà kò burú, àmọ́ wọ́n kan án bí ẹni pé kò ní yí padà mọ́ láéláé. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Oríṣi omi méjì ló ń wà nínú igi. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé igi lulẹ̀, omi kún inú àwọn ihò tín-tìn-tín tó gba inú rẹ̀ kọjá, bí omi ṣe lè kún inú ọ̀pá ìbẹ́pẹ. Igi bí àràbà wà tó jẹ́ pé omi inú rẹ̀ nígbà tó wà ní tútù lè wúwo ju igi náà lọ lẹ́yìn tó bá gbẹ. Omi inú ihò yìí ló kọ́kọ́ ń lọ. Bó bá ti ń lọ, pákó á máa fúyẹ́, ṣùgbọ́n fífẹ̀ rẹ̀ kò ní dín kù rárá. Ibi tí wọ́n ti ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ nìyí: wọ́n gbé pákó, wọ́n rí i pé ó fúyẹ́ ju tọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ, wọ́n ní ó ti gbẹ. Kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Omi kejì ni èyí tó wọ inú ògiri àwọn ihò náà fúnra wọn, tó lẹ̀ mọ́ ara igi. Nígbà tí omi inú ihò bá tán, tó ku èyí tó wà nínú ògiri nìkan, omi inú igi á tó nǹkan bí 28 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n igi náà ní gbígbẹ. Láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ni ìsúnkì ti bẹ̀rẹ̀, bó bá sì tún mu omi padà, láti ìsàlẹ̀ títí dé ibẹ̀ ni yóò máa wú.

Ẹ mú ìgbálẹ̀ kan tí wọ́n dì dáadáa. Ẹ máa ki ọwọ̀ mìíràn bọ àárín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdì náà á máa sanra, á máa le mọ́ okùn, àmọ́ kò ní fi nǹkan kan gùn sí i. Bí ògiri ihò inú igi ṣe rí gan-an nìyẹn. Fọ́nrán tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí ló para pọ̀ di ògiri yẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì dùbúlẹ̀ sí gígùn igi. Omi ń wọ àárín wọn, ó ń tì wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bó bá jáde, wọ́n á sún mọ́ra padà. Nítorí náà, igi ń sanra, igi ń tín-ín-rín, ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Láti tútù yọ̀yọ̀ títí dé gbígbẹ pátápátá, ohun tí igi tó dára ń pàdánù ní gígùn kò ju 0.1 sí 0.2% lọ. Ẹ lọ wo ilẹ̀kùn yín: òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í há. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà ló ń há, torí ìbú pákó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó tò jọ sí ọ̀hún.

Ti ìbú náà kò tún dọ́gba. Bí ẹ bá kọjá ní ọjà pákó Bódìjà, ẹ dúró ti ìtì igi ńlá kan, kí ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti gé e. Ẹ ó rí àwọn ìlà róbótó tó yí àárín ká, àti àwọn mìíràn tó ti àárín jáde lọ sí èèpo bí irin inú rìmù kẹ̀kẹ́. Àwọn tó ti àárín jáde yìí ń di igi mú, wọn kì í jẹ́ kó súnkì tó bó ṣe fẹ́ lọ́nà tiwọn. Nínú ọ̀pọ̀ igi, ìsúnkì tó yí po máa ń tó ìlọ́po méjì èyí tó ti àárín lọ sí èèpo. Ìrókò ṣe jẹ́jẹ́ níbẹ̀: nǹkan bí 3% láti àárín sí èèpo, 4 sí 5% ní yíyí po, láti tútù dé gbígbẹ pátápátá. Ọ̀gànwó tó bíi 4 àti 6. Nítorí ìyàtọ̀ yìí ni ìtì igi tó bá gbẹ lóòrùn fi máa ń sán láti èèpo wọ àárín, tí ẹnu sísán náà á fẹ̀ lóde, á sì tín-ín-rín nínú. Yíyí po rẹ̀ fẹ́ súnkì ju bí àárín sí èèpo ṣe gbà á láyè lọ, kò ráyè, ó bá ya. Ohun kan náà ló ń ká pákó bíi páànù ìjẹun. Bí pákó tí wọ́n là ní ẹ̀gbẹ́ ìtì bá ń gbẹ, ojú tó wà lápá èèpo ni yóò jin.

Wàyí o, kí ló ń bu omi sí ilẹ̀kùn yín nígbà tó jẹ́ pé òjò kì í pa á lábẹ́ bàràńdà? Afẹ́fẹ́ ni. Igi máa ń gba omi lára afẹ́fẹ́, ó sì máa ń dá a padà, títí òun àti afẹ́fẹ́ á fi wà ní ìbámu. Bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá wà ní 65%, igi á fìdí kalẹ̀ sí nǹkan bí 12%. Bó bá wà ní 80%, igi á gòkè dé bíi 16%. Bó bá jẹ́ 30%, igi á já wálẹ̀ sí 6%. Ìbàdàn tí ẹ ń gbé mọ àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí dunjú: ní oṣù keje àti ìkẹjọ, aṣọ tí ẹ sá kì í gbẹ, iyọ̀ ń yọ́ nínú agolo; nígbà tí ọyẹ́ bá wá fẹ́ wọlé láti òkè Ọya, ètè á bẹ́, gìgísẹ̀ á là. Ohun tó ń bẹ́ ètè yín náà ló ń gbẹ ilẹ̀kùn yín.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ mú un pé ilẹ̀kùn náà wà ní 10% nígbà ọyẹ́, tó sì gòkè dé 16% láàárín òjò. Ìyàtọ̀ 6 nìyẹn. Fún ìrókò, ìyẹn yóò mú kí ìbú rẹ̀ yí padà ní nǹkan bí 0.7 sí 1%, ó kù sí bí wọ́n ṣe la pákó náà. Nínú 90 sẹ̀ǹtímítà, ó jẹ́ mìlímítà 6 sí 9. Ààyè tí káfíńtà sábà máa ń fi sílẹ̀ láàárín ilẹ̀kùn àti férémù kò ju mìlímítà 3 lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ rí i pé kò sí bí kò ṣe ní há. Ẹ tún rí i pé bí wọ́n bá fá a débi tí kò fi ní há mọ́ nígbà òjò, mìlímítà 9 gbọ́dọ̀ yọ lórí ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ bí ọyẹ́ bá dé. Kò sí ọ̀nà tí ìfági lè gbà yanjú èyí.

Fífá náà tún dá kún un. Nígbà tí ó fá etí ilẹ̀kùn, ó bó ojú igi tuntun síta, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Kò kun ún. Ojú tuntun yẹn wá ń mu ọ̀rinrin ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo sì fẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ kan orí ilẹ̀kùn náà lókè pátápátá, níbi tí ojú kì í dé, kí ẹ fi kan ìsàlẹ̀ rẹ̀ náà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ẹ ó rí i pé igi gbẹ́rẹ́fu ni, wọn kò fi varnish kàn án rí. Ibẹ̀ ni ẹnu àwọn ihò igi wà, ó sì lè mu omi ní ìlọ́po mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ju ojú pákó lọ. A kun ojú tí àlejò ń rí, a fi ẹnu tí igi fi ń mu omi sílẹ̀ gbayawu.

Ohun kan tún wà tí mo kọ́ lọ́dọ̀ bàbá mi kí n tó mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni. Àgbẹ̀ ni wọ́n. Bí orí àáké wọn bá ti ń yẹ̀ lára igi rẹ̀, wọ́n á rì í sínú agbada omi lálẹ́. Ní òwúrọ̀, á ti le dain, irin kò ní mì. Bí mo ṣe kéré tó, iṣẹ́ ìyanu ló jọ lójú mi. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́ta, á tún yẹ̀, yíyẹ̀ ọ̀tẹ̀ yìí á sì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n á tún rì í. Nígbà tó yá, àáké fò jáde lórí igi lọ́jọ́ kan, ọlọ́run ló yọ wá. Àbúrò wọn tó jẹ́ agbẹ́gi ló bá wa gé igi tín-ínrín kan, ó là á bí èèkàn pẹlẹbẹ, ó gbá a wọ orí igi àáké náà ní gbígbẹ, ó sì dúró. Ó ní, “Ẹ̀yin ń pa igi yìí díẹ̀ díẹ̀ ni.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí igi bá fẹ́ wú tí irin sì dí i lọ́nà, kò ráyè sanra, ó bá ń fọ́ ara rẹ̀ nínú. Àwọn ihò rẹ̀ ń pẹ̀tẹ̀. Bó bá wá gbẹ, kì í padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó máa ń kéré sí i. Ẹ wá wo ilẹ̀kùn yín pẹ̀lú ojú yìí: gbogbo ọ̀sẹ̀ tó fi há láàárín férémù, tí ẹ ń fi èjìká tì í, ó ń wú mọ́ igi tó dí i lọ́nà, ó ń pẹ̀tẹ̀ létí. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó kéré ju bó ṣe yẹ kó kéré lọ. Ara àlàfo tí ẹ rí nìyẹn, yàtọ̀ sí èyí tí ìfági gé kúrò.

Èmi náà ti jẹ gbèsè ìmọ̀ yìí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo kan tábìlì ìjẹun ọ̀gànwó kan tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ ojú rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ yíká, mo tún kan ìṣó mọ́ ọn kó lè lágbára. Oṣù kẹsàn-án ni mo gbé e fún wọn. Ní oṣù kìn-ín-ní, oníbàárà mi ránṣẹ́ pé nǹkan dún gbàù lóru, àwọn rò pé olè ni. Tábìlì ló ya láàárín láti etí dé etí, kọ́ìnì wọ ojú ibẹ̀. Ojú tábìlì fẹ́ súnkì tó sẹ̀ǹtímítà kan, ìṣó mi sì di apá ọ̀tún àti apá òsì mú. Kí ló kù kó ṣe? Mo tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀, ó sì dùn mí gan-an, torí pé àwọn èèyàn yẹn fọkàn tán mi. Láti ọjọ́ náà, síkúrúù ni mo fi ń mú ojú tábìlì, inú ihò gígùn tí síkúrúù ti lè sún síwá sún sẹ́yìn ni mo sì máa ń fi í sí.

Bí a ṣe ń kan ilẹ̀kùn tí kò ní há ti wà tipẹ́, ilẹ̀kùn onípánẹ́ẹ̀lì ni. Igi méjì ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan sì wà láàárín, wọ́n fi igi ìbú so wọ́n pọ̀ lókè, láàárín àti nísàlẹ̀. Igi ìbú wọ̀nyí fi gígùn wọn dùbúlẹ̀ sí ìbú ilẹ̀kùn, a sì ti rí i pé gígùn igi kì í yí padà. Àwọn ni wọ́n ń pa ìbú ilẹ̀kùn mọ́. Inú kòtò tí a gbẹ́ sí ara àwọn igi yìí ni pánẹ́ẹ̀lì wá jókòó sí, láìsí gọ́ọ̀mù, láìsí ìṣó, pẹ̀lú ààyè tí yóò máa sanra sí. Bí igi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 11 lọ́kọ̀ọ̀kan, nǹkan tó lè wú sí ìta kò ju nǹkan bí mìlímítà 2 lọ, dípò 9. Ilẹ̀kùn kan náà, igi kan náà, òjò kan náà.

Ìmọ̀ràn mi nìyí, mo sì fi gbogbo ọkàn sọ ọ́: ẹ má ra igi tuntun. Ìrókò tó wà lára ilẹ̀kùn yẹn ti rí òjò mẹ́ta àti ọyẹ́ mẹ́ta lójú ilé yín. Ó gbẹ ju ohunkóhun tí wọ́n máa tà fún yín lọ́jà lónìí lọ. Ní ilé ìlagi tó pọ̀, pákó tí wọ́n là láàárọ̀ lè wà nínú ọkọ̀ oníbàárà nírọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà tú ilẹ̀kùn náà, kó la pákó rẹ̀, kó fi kan onípánẹ́ẹ̀lì. Igi rẹ̀ á tó bí wọ́n bá fi ọgbọ́n gé e. Bí kò bá tó, wọ́n á fi díẹ̀ kún un. Oṣù kọkànlá ló dára jù láti ṣe é, nígbà tí òjò ti ń lọ, tí ọyẹ́ kò sì tíì mú, kí igi wà ní agbedeméjì. Pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan yóò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 28. Kí ó fi mìlímítà 3 sílẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì nínú kòtò. Kí ó kun pánẹ́ẹ̀lì náà yíká kó tó kì í bọ inú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nígbà tó bá súnkì, ẹ ó rí ìlà funfun tí kò ní àwọ̀ létí rẹ̀. Bí ẹ bá rí i tó mú ìṣó, tó fẹ́ kàn án gba ara pánẹ́ẹ̀lì kọjá, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí owó kò bá tíì sí, ẹ jẹ́ kó há títí òjò yóò fi lọ, kí ẹ máa gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ má baà máa tì í. Nígbà tó bá gbẹ ní oṣù kejìlá, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára híǹjì, kí wọ́n kun ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà: iwájú, ẹ̀yìn, etí méjèèjì, orí àti ìdí, pẹ̀lú inú ihò kọ́kọ́rọ́. Ẹ kun orí àti ìdí lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀dà tàbí varnish kì í dí ọ̀rinrin pa, ó kàn ń fà á sẹ́yìn ni, ṣùgbọ́n fífà sẹ́yìn yẹn ni yóò jẹ́ kí òjò ọ̀sẹ̀ kan kọjá kó tó wọnú igi. Kí wọ́n tún gbé irin tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀ lára férémù bọ́ síta díẹ̀, kí wọ́n sì fi ìdábùú kan kún un lápá inú. Ti irin àti ìdábùú yìí kò le rárá, ẹ má sì jẹ́ kó di ọyẹ́ kí ẹ tó ṣe é.

Ẹ wo híǹjì náà. Bó bá jẹ́ pé igun òkè ní ẹ̀gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ nìkan ló ń ha férémù, tí àlàfo sì fẹ̀ lókè ní ẹ̀gbẹ́ híǹjì, ilẹ̀kùn ti wálẹ̀ nìyẹn, síkúrúù híǹjì ló tú. Ọ̀rinrin kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Bó bá ṣẹlẹ̀ pé wọ́n ní láti fi pákó tuntun kún un, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni pé ó ti gbẹ. Ẹ ní kí wọ́n gé ègé kékeré kan fún yín láti àárín pákó, kì í ṣe láti orí rẹ̀, torí orí máa ń gbẹ ṣáájú. Ẹ fi òṣùwọ̀n ilé ìdáná wọ̀n ọ́n. Ẹ gbé e sínú ààrò gáàsì tí iná rẹ̀ kò ju 100 sí 105 lọ ní ìwọ̀n Sẹ́sìọ̀sì, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n ní wákàtí méjì méjì títí kò fi ní fúyẹ́ mọ́. Ká ní ó jẹ́ gíráàmù 250 tẹ́lẹ̀, tó sì wálẹ̀ sí 200, omi tó lọ jẹ́ 50. Ẹ fi 200 pín 50, ó jẹ́ 0.25, ìyẹn 25%. Pákó yẹn kò tíì ṣeé kan ilẹ̀kùn. Bó bá jẹ́ 230 ló di 200, 15% nìyẹn, ẹ lè gbà á. Kí èyí tí kò tíì gbẹ lọ jókòó lábẹ́ òrùlé, kì í ṣe nínú oòrùn, lórí búlọ́ọ̀kù tó gbé e kúrò nílẹ̀, pẹ̀lú igi tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín pákó kan sí èkejì kí afẹ́fẹ́ lè kọjá. Kí àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ náà wà lórí ara wọn gbọọrọ láti òkè dé ilẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, pákó á tẹ̀. Kí wọ́n fi ọ̀dà kun orí pákó, ibẹ̀ ni yóò sán bí ẹ bá fi sílẹ̀.

Ó wá ku àga London. Inú ilé níbẹ̀ nígbà òtútù, nígbà tí ẹ̀rọ amúlégbóná bá ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, lè gbẹ tó ọyẹ́ líle níbí, oṣù púpọ̀ ló sì máa ń wà bẹ́ẹ̀. Àga tó ti bá afẹ́fẹ́ Ìbàdàn mu ní oṣù kẹjọ yóò dé ibẹ̀ pẹ̀lú omi tó ju ìlọ́po méjì ohun tí yàrá yẹn lè gbà á láyè láti ní. Bó bá gbẹ lójijì, ara ìta rẹ̀ á súnkì nígbà tí inú ṣì wú, á sì sán. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, agbẹ́gilére, gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, tí wọ́n gbé lọ sí àfihàn Wembley ní London ní 1924, ṣì wà ní British Museum, ilé tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé pamọ́ sí, ní ìlú kan náà. Ilé bẹ́ẹ̀ máa ń ṣọ́ ọ̀rinrin yàrá bí a ṣe ń ṣọ́ ọmọ tuntun. Ọmọ yín kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ sùúrù lè ṣe é fún un. Ẹ fi àga náà ránṣẹ́ lẹ́yìn ọyẹ́, ní oṣù kejì tàbí ìkẹta, nígbà tó ti gbẹ tó bó ṣe lè gbẹ níbí. Kó dé ibẹ̀ nígbà tí òtútù ń lọ, kí ó ní oṣù mélòó kan kí wọ́n tó tún tan ẹ̀rọ. Kí ọmọ yín fi ọ̀rá bò ó fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta, kó máa ṣí ọ̀rá náà díẹ̀ díẹ̀. Kó gbé e jìnnà sí ẹ̀rọ amúlégbóná àti ojú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀. Bí ìdí àga bá jẹ́ pákó kan ṣoṣo tó fẹ̀, ẹ yí i dojú délẹ̀ kí ẹ tó dì í, kí ẹ wò ó bóyá ìṣó ló mú un mọ́ ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ ìṣó, ẹ jẹ́ kí káfíńtà yọ ọ́, kó fi síkúrúù nínú ihò gígùn rọ́pò rẹ̀ kó tó kúrò nílé.